Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti bá swámì àwọn Tamil rìnrìn àjò rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Moróunkẹ́_C:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dópin.

Èmi àti màámi la jọ wà ní Chennai, ní India, látoṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Iṣẹ́ abẹ ọkàn ni wọ́n wá ṣe, Ọlọ́run sì kó wa yọ, wọ́n ti ń dìde rìn káàkiri inú ilé báyìí, ṣùgbọ́n dókítà ní ká ṣì ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ká tó wọ bàálù. Ìyá Tamil kan ló ni ilé tá a háyà, opó ni wọ́n, wọ́n á ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Amma ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, àwa náà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Oore tí ìyá yìí ṣe wá, mi ò lè kà á tán. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé màámi wọ tíátà, Amma ò fojú ba oorun, ìdí fìtílà inú yàrá àdúrà wọn ni wọ́n jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́, ìgbà tí mo ti ọsibítù dé láàárọ̀ tí mo ní iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere, ṣe ni wọ́n gbá mi mọ́ra tí wọ́n ń sunkún bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni wọ́n gbà là.

Wàyí o, Amma ní olùkọ́ ẹ̀mí kan tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Swámì ni gbogbo wọn ń pè é. Baba arúgbó ni wọ́n, aṣọ aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n máa ń ró, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Swámì àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn, gbogbo wọn á tó mẹ́rìndínlógún, fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko lọ sáwọn ìlú tí tẹ́ḿpìlì wọn wà, wọ́n á dé Kanchipuram, wọ́n á dé Tiruvannamalai níbi tí wọ́n á ti fẹsẹ̀ yí òkè po lóru òṣùpá àrànmọ́jú, wọ́n á dé Chidambaram àti Rameswaram, wọ́n á wá gba Madurai padà sílé. Lọ́jọ́ Sunday tí mo gbé omi fún Swámì, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sọ nǹkan kan ní èdè Tamil, Amma wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi pé wọ́n ní kí n bá wọn lọ.

Mo fẹ́ lọ, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, inú kọ́áyà ni mo dàgbà sí, ọ̀rọ̀ náà ń dà mí láàmú. Mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń dojú bolẹ̀ fún Swámì, tí wọ́n ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń gba eérú síwájú orí. Ṣé dandan ni kí èmi náà ṣe é? Tí mi ò bá wá ṣe é ńkọ́, ṣé wọn ò ní rò pé mo fojú tín-ín-rín baba? Oúnjẹ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé síwájú òrìṣà kí wọ́n tó pín in, ṣé kí n jẹ ẹ́? Kí ni kí n wọ̀? Ṣé wọ́n á tiẹ̀ jẹ́ kí irú mi wọ tẹ́ḿpìlì? Màámi, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní kí n lọ, wọ́n ní ẹni tó bá àwọn gbàdúrà nígbà tí ẹnu àwọn ò lè là, àwọn ò ní jẹ́ kí ọmọ àwọn kọ ìpè ẹ̀. Síbẹ̀ mi ò tíì sùn dáadáa látọjọ́ Sunday. Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ̀rọ̀.

Akínlàjà:

Àbúrò mi, ẹ kú ewu màámi o, Olúwa á ṣe àṣepé ìwòsàn wọn.

Mo lọ rí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní Chennai, ọdún kẹta ni ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wà ní kíláàsì mú mi dání, swámì kan wà tí ìdílé wọn ti ń sìn látìgbà bàbá bàbá ẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá la lò lọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kò dà bí ìgbà táwa bá ń lọ sí kámpù àdúrà, tá a kàn fẹ́ débẹ̀ ká sì jókòó. Ojú ọ̀nà gan-an ni ìsìn wọn. Kí bọ́ọ̀sì tó ṣí, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á sun káńfọ̀ níwájú ọkọ̀, wọ́n á fọ́ àgbọn mọ́lẹ̀, dírẹ́bà á wá wa ọkọ̀ gba orí ọsàn yẹn kọjá, wàá gbọ́ tó bẹ́ pẹ́. Látibẹ̀ orin ló kù. Obìnrin kan á dá a, àwọn tó kù á máa gbè. Orin àwọn ẹni mímọ́ Tamil àtijọ́ ni, Appar, Sambandar, Sundarar, àwọn tó fẹsẹ̀ rìn láti tẹ́ḿpìlì dé tẹ́ḿpìlì ní bíi 1,300 ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ń kọrin sí Shiva, òrìṣà àwọn Hindu, níbi gbogbo tí wọ́n bá dé. Appar ló wù mí jù nínú wọn, torí ọkọ́ kékeré ló máa ń gbé rìn, tó bá dé tẹ́ḿpìlì koríko àgbàlá ló máa ń ro. Títí dòní àwọn ọmọ ẹ̀yìn ṣì ń kóra jọ lọ ro àgbàlá tẹ́ḿpìlì bẹ́ẹ̀. Àwa náà ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ àgbẹ̀ Ìkàrẹ́ sì ni mí, bí mo ṣe gbá ọkọ́ mú báyìí Swámì dúró wò mí, wọ́n pe àwọn yòókù pé kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń roko, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo gba sátífíkéètì lọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo fojú ara mi rí. Ìlú kékeré kan la fẹ́ gbà kọjá, ìyá arúgbó kan ti dúró sétí títì látàárọ̀ torí wọ́n gbọ́ pé ọkọ̀ Swámì máa gba ibẹ̀, aago kan ọ̀sán la sì tó dé. Ife idẹ ni ìyá yẹn mú lọ́wọ́, wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ bò ó. Swámì ní kí dírẹ́bà dúró, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà sórí ọ̀dà tó ń jó bí iná. Mílíìkì ló wà nínú ife yẹn, ó ti tutù pátápátá. Ọmọ ẹ̀yìn kan na ọwọ́ pé kóun gbà á torí àwọn swámì kì í ṣàdédé jẹ tàbí mu lójú ọ̀nà, Swámì fojú dá a dúró. Wọ́n gbé ife sókè, wọ́n ń da mílíìkì náà sẹ́nu láìjẹ́ kí ife kan ètè wọn, bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe máa ń mu nǹkan nìyẹn, wọ́n mu ún tán poo, wọ́n fetí aṣọ ara wọn nu ife, wọ́n fọwọ́ méjèèjì dá a padà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Dàríṣan ni wọ́n ń pe ìyẹn, pé kéèyàn rí ẹni mímọ́ kí ẹni mímọ́ náà sì rí òun. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe torí tẹ́ḿpìlì nìkan la ṣe ń rìn. Torí àwọn tó dúró sétí títì ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ tó ń dà ọ́ láàmú. Àbúrò, òun gan-an ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ láàárín wọn. Ọkùnrin wọn máa ń nà gbalaja ni, àyà á kanlẹ̀, iwájú orí á kanlẹ̀. Obìnrin wọn kì í nà, ìkúnlẹ̀ ni tiwọn, wọ́n á wá tẹrí ba. Ṣé ìyẹn ò jọ nǹkan tó o mọ̀? Kì í sì í ṣe swámì nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, ọmọ tó fẹ́ lọ ṣèdánwò á ṣe é fún bàbá ẹ̀, ìyàwó tuntun á ṣe é fún ìyá ọkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé iwájú Swámì, ara mi ti dọ̀bálẹ̀ kí ọkàn mi tó rò ó. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo ní bàbá mi ni.

Àmọ́ mi ò ní tàn ẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, ẹsẹ̀ gúrù, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀mí, ju ẹsẹ̀ àgbàlagbà lásán lọ, wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni oore-ọ̀fẹ́ ń gbà wá sọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n máa ń da omi àti mílíìkì sí i, wọ́n á fi àjó àti òdòdó sí i. Ìyẹn ni èmi ò bá wọn ṣe, mo sì ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi kí a tó kúrò nílé. Tí wọ́n bá ti ń ṣe é, èmi ló máa ń gbé kẹ́tùlù omi dání fún wọn. Kò sẹ́ni tó bínú sí mi. Iṣẹ́ ló wà, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín wọn ti di ara wọn.

Àti pé kọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí. Tí wọ́n bá ní "sáptíngálá", ṣé o ti jẹun ni wọ́n ń bi ọ́, òun ni wọ́n fi máa ń kí èèyàn, má rò pé wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ wá (wọ́n á kúkú gbé e wá). Tó o bá sì fẹ́ dìde lọ níbì kan, má sọ pé ò ń lọ. "Póyíttù várén" ni kó o sọ, ìyẹn ni pé màá lọ màá sì bọ̀. Àwọn àgbà wọn kì í fẹ́ gbọ́ kéèyàn ní òun ń lọ lásán, bí àwọn àgbà tiwa náà ò ṣe fẹ́ ẹ.

Ìránṣẹ́bìnrin:

Arábìnrin, mo bá yín yọ̀ lórí ìwòsàn màmá. Ṣùgbọ́n màá sọ tọkàn mi. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Kì í ṣe pé mo kórìíra àwọn èèyàn yẹn, ìyá yẹn ṣèèyàn gan-an ni, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọjọ́ mẹ́fà pọ̀. Orin á máa wọ̀ yín lára, àánú á máa ṣe yín, ọpẹ́ tẹ́ ẹ jẹ ìyá náà á máa fà yín, ẹ̀yin ò sì ní mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa kọjá ibi tẹ́ ẹ ti pinnu. Ẹ lè fi ohun mìíràn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ti pinnu láti lọ, ẹ má lọ láìṣe àdúrà tiyín ní òwúrọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń gbàdúrà fún yín láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín.

Alhaji_Vellore:

Ọmọ mi, àlàáfíà fún ẹ àti fún màmá.

Mùsùlùmí ni èmi, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń mú aláìsàn láti ilé wá sí Vellore, mo ti bá oríṣiríṣi àwọn Tamil gbé. Ohun tí arábìnrin yẹn sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ o. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ ibẹ̀ ni pé kó o la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kó o tó gbéra. Jókòó ti Amma lálẹ́ ọjọ́ kan, sọ pé "Amma, Kristẹni ni mí, màá bá yín rìn, màá bá yín ru ẹrù, màá kúnlẹ̀ kí Swámì bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà nílé wa, ṣùgbọ́n mi ò ní jọ́sìn". Á yé wọn ju bó o ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn yìí kan náà ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Màríà ní Velankanni, ẹ lọ wò ó bó ṣe máa ń kún sẹ́gẹsẹ̀gẹ tó bá ku díẹ̀ kó di ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, àwọn Hindu tó ń fárí ọmọ wọn níbẹ̀ kò lóǹkà. Ní Nagore tí kò jìnnà síbẹ̀, sàréè wálíì wa kan, ìyẹn ẹni mímọ́ Mùsùlùmí, wà, Shahul Hamid, ọba Thanjavur tó jẹ́ Hindu ló kọ́ ilé gogoro tó ga jù níbẹ̀. Èmi fúnra mi ti kírun níbẹ̀ tí ìyá Hindu kan tan fìtílà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àlejò tó bá sọ ẹni tóun jẹ́ kì í tì wọ́n lójú, èyí tó bá ń díbọ́n ló máa ń dùn wọ́n.

Tẹ́ḿpìlì ńkọ́? Kò dọ́gba. Ní Tiruvannamalai, wàá rí òyìnbó lóríṣiríṣi nínú lọ́hùn-ún. Ní Madurai àti Rameswaram, wàá lè rìn nínú gbọ̀ngàn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí òrìṣà wà gan-an, ti Hindu nìkan ni. Ní Palani tí kò sí lójú ọ̀nà yín, ní January 2024 ilé ẹjọ́ gíga Madras pàṣẹ pé kí wọ́n gbé pátákó síbẹ̀, ẹni tí kì í ṣe Hindu ò gbọdọ̀ kọjá òpó àsíá àfi tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gba òrìṣà ibẹ̀ gbọ́. Tẹ́nikẹ́ni bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ẹ níbikíbi, má fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe òótọ́ ọkàn ẹ, bó ti wù kí wọ́n rọ̀ ẹ́ tó. Jókòó síta ti bàtà wọn. Àti fóònù, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ti ní láti December 2022 pé kí wọ́n má mú un wọ tẹ́ḿpìlì, ibi ìtọ́jú ẹ̀ máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kó o sì fi pamọ́.

Má sì rò pé gbogbo Tamil ló fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ swámì. Ní 2022, ní Mayiladuthurai, ìjọba àgbègbè kọ́kọ́ ní wọn ò gbọdọ̀ fi àga gbé olórí ilé ìsìn Dharmapuram léjìká yí ìlú ká mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àwọn kan ní ìtìjú ni kí èèyàn máa gbé èèyàn ẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ fàáké kọ́rí, inú oṣù May ìjọba gbà fún wọn. Ọdún 1879 ni wọ́n bí Ramana Maharshi, ẹni mímọ́ Hindu tí gbogbo ayé ń wá bá ní Tiruvannamalai, ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Periyar tó fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ bá àwọn àlùfáà àti òrìṣà jà. Ilẹ̀ kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Nítorí náà tó o bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìwọ nìkan kọ́ lo rí i bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù ni owó. Swámì gidi kì í bèèrè owó lọ́wọ́ àlejò. Ọmọ ẹ̀yìn kan nínú ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ gba 40,000 rúpì lọ́wọ́ aláìsàn wa kan, pé àwọn fẹ́ ṣe àkànṣe ètùtù fún kíndìnrín ẹ̀, owó tí aláìsàn yẹn fẹ́ fi ra oògùn ni, ó dùn mí dọ́kàn. Dá owó mọ́tò àti oúnjẹ fún Amma kí ẹ tó kúrò nílé, fi èso tàbí òdòdó dání fún Swámì torí wọn kì í lọ rí wọn lọ́wọ́ òfo, ó parí síbẹ̀.

Bọ̀dé_KL:

Malaysia lèmi wà, nǹkan kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún un. Àwọn Tamil ibí náà ní ọdún Thaipusam wọn ní Batu Caves, àtẹ̀gùn 272 ni wọ́n ń gùn dé ojú ihò àpáta yẹn, àwọn kan á fi irin gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún òrìṣà Murugan. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo gbé fóònù sókè sí ojú ọkùnrin kan, ìyàwó ẹ̀ kàn rọra fọwọ́ bo fóònù náà, kò bínú o, ó ní "a ti gbààwẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ìṣẹ́jú yìí". Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Tẹ́nì kan bá ń sunkún níwájú òrìṣà tàbí níwájú Swámì, àbúrò, jọ̀ọ́ má ya fọ́tò ẹ̀.

Moróunkẹ́_C:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Akínlàjà, bàbá Alhaji, gbogbo yín. Arábìnrin Ìránṣẹ́bìnrin, mo rí ọ̀rọ̀ yín, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́, ẹ má ṣe dá àdúrà yẹn dúró.

Mo bá Amma sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná bí Alhaji ṣe wí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ṣé mo rò pé àwọn ò mọ̀ ni, ṣé kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń gbọ́ orin tí mo ń kọ fún màámi lálaalẹ́. Wọ́n ní Swámì pàápàá bi àwọn léèrè orin yẹn.

Ó ku nǹkan méjì tí mo fẹ́ bi àwọn obìnrin. Wọ́n ní kìlómítà 14 ni yíyí òkè yẹn po, láìwọ bàtà. Ṣé ẹsẹ̀ mi á gbà á? Èkejì, nǹkan oṣù mi lè bọ́ sáàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Ojú ń tì mí láti bi Amma.

Ìyábọ̀_EastHam:

Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ rárá. London ni mo ń gbé, ní East Ham, àwọn Tamil ló yí wa ká, ìyá tó wà ní ilé kejì sí tiwa ló mú mi lọ sílé wọn ní India ní 2019, mo sì yí òkè yẹn po pẹ̀lú wọn.

Tí nǹkan oṣù bá dé, sọ fún Amma nìkan, ní kọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní wọ tẹ́ḿpìlì, wọn ò sì ní sún mọ́ Swámì ní ọjọ́ mélòó kan yẹn, wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ tàbí síta, kò sẹ́ni tó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn náà ò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé wọn ni, tó o bá fi pa mọ́ fún wọn tí wọ́n wá mọ̀ nígbà tó yá, á dùn wọ́n. Kó páàdì tó pọ̀ dání, má retí pé wàá rí i rà lójú ọ̀nà.

Òkè ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹ á gbà á. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà ti tutù nígbà yẹn. Níbẹ̀rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ á máa gún ẹ lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn tìyẹn ẹsẹ̀ á mọ bó ṣe máa tẹlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni òkè máa wà títí ẹ ó fi yí i tán, Alhaji á mọ ìyàtọ̀ torí ọwọ́ òsì ni Káábà máa ń wà tí wọ́n bá ń ṣe tàwáàfù. Òsì títì ni kẹ́ ẹ máa gbà, wọ́n ní ọ̀tún tó sún mọ́ òkè, ti àwọn ẹni mímọ́ tí ojú ò rí ni. Ojúbọ mẹ́jọ wà lójú ọ̀nà, ẹ ó dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èrò á pọ̀ bí omi, ẹ di ara yín mú, ẹ fi ibì kan tẹ́ ẹ máa ti pàdé sọ́kàn tẹ́nì kan bá sọ nù. Oúnjẹ ò ní wọ́n yín, àwọn èèyàn máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pín ìrẹsì sórí ewé fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Amma á ti se ìrẹsì alájàgbọn dání, pùlíyòdáráì ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n máa ń gbé rìnrìn àjò torí kì í tètè bàjẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó o fi jẹun, tó bá jẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, tó o bá jẹ tán, ká ewé yẹn wá sọ́dọ̀ ara ẹ. Èyí tí wọ́n ti gbé síwájú òrìṣà, prasàdám ni. Èmi máa ń fọwọ́ méjèèjì gbà á, màá dúpẹ́, màá fún ọmọdé tó bá wà nítòsí. Ìwọ wo ọkàn tìẹ. Eérú náà, wọ́n á fi sí ọ lọ́wọ́ ni, kì í ṣe dandan kó dé iwájú orí.

Aṣọ, ìró àti bùbá wa tó o fi ìborùn lé léjìká ti tó. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ débi pé àwọn obìnrin ń fọwọ́ kàn án, wọ́n bi mí pé báwo ni mo ṣe wé gèlè.

Ohun kan tí mo fẹ́ kó o ṣe, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí àwọn yòókù bá ń sùn, bẹ Amma kẹ́ ẹ lọ sí ilé Ramana lẹ́sẹ̀ òkè yẹn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó sá kúrò nílé ní Madurai wá síbẹ̀ ní 1896, kò kúrò lẹ́sẹ̀ òkè náà mọ́ títí tó fi kú ní April 1950. Ọdún 54! Ẹ̀yin ń bá swámì tiyín rìn káàkiri, òun jókòó sójú kan, àwọn èèyàn ló ń rìn wá bá a, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sì ní sọ nǹkan kan fún wọn, wọ́n á kàn bá a jókòó. Sàréè màlúù kan wà nínú ọgbà ibẹ̀, Lakshmi lorúkọ ẹ̀, ọwọ́ Ramana ló wà lára ẹ̀ nígbà tó ń kú lọ. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ń ta mí, àwọn ọ̀kín ń ké lórí òrùlé, ìyá mi tó ti kú ni mo ń rántí. Mi ò sọ àdúrà kankan, ẹkún ni mo sun.

Akínlàjà:

Ìyábọ̀ ti sọ ọ́ tán. Mo kàn fẹ́ rán ẹ létí, má na ẹsẹ̀ síwájú Swámì nínú ọkọ̀ o, ká a mọ́ abẹ́. Òórùn òdòdó mallí nínú irun àwọn obìnrin á fẹ́ máa dà ẹ́ láàmú bó bá di wákàtí kẹrin, ní kí wọ́n jẹ́ kó o jókòó ti fèrèsé.

Moróunkẹ́_C:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti pinnu, mò ń lọ. Àbúrò Amma á máa sùn ti màámi, mo ti kọ àkókò oògùn wọn sí ara ògiri ní nọ́ńbà ńlá. Mo ti di ìró mẹ́ta àti páàdì, mo sì ti di Bíbélì mi sí ìsàlẹ̀ báàgì. Màá kúnlẹ̀ kí Swámì, mi ò ní bá wọn da mílíìkì sẹ́sẹ̀, èmi ni màá máa gbé kẹ́tùlù.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ yìí Amma ti ọjà dé, wọ́n gbé ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin sórí fìríìjì, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fi se nǹkan kan. Màámi bi mí pé kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe, mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n bu omi wá, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn fọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́bọ̀ la máa gbéra. Póyíttù várén.